Ojú Tí Àmọ̀kẹ́ Fi Tọ́ Ọmọ

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó bá dà bí irọ́, ẹ lọ bi Àmọ̀kẹ́ aránṣọ ní Agbowó. Kí oníbàárà tó la ẹnu pé aṣọ fún òun jù, Àmọ̀kẹ́ ti rí i níwájú orí rẹ̀. Ó mọ ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ó sì mọ ẹ̀rín ẹni tó ti gbé aṣọ tuntun fún aránṣọ mìíràn.

Ojú náà ló fi tọ́ Oyèbọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ bí fún un kó tó kú. Kò na ọmọ yìí rí. Bí àlejò bá ní kí ọmọ wá jẹun, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí ìyá bá ti ṣẹ́jú mọ́ ọn báyìí, ọmọ á ní òun ti yó, ebi ì báà máa pa á kú lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń pariwo pé, "Ọmọ yìí mà mojú o!" Orí ìyá á sì wú.

Ohun tí Ìyáàfin Adéróunmú, oníbàárà rẹ̀ kan, rí nìyẹn tó fi ní òun yóò mú un sọ́dọ̀ ní Bódìjà, nínú àwọn ilé tuntun ìjọba, òun yóò sì rán an nílé ìwé. Ọdún 1964 ni. Àmọ̀kẹ́ dúpẹ́ títí. Ta ni kò ní dúpẹ́?

Lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ gbé ọkọ ìyáàfin lọ sí Èkó, wọ́n sì fẹ́ mú Oyèbọ́lá dání. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àmọ̀kẹ́ lọ bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó wù ú. Nínú pálọ̀, ìyáàfin jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ́lá, ṣé o fẹ́ bá ìyáàfin lọ sí Èkó?"

Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Àmọ̀kẹ́ rò pé ìtìjú ni. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà pe ọmọ òun ní aláìmoore, ló bá ranjú mọ́ ọn: tètè dáhùn, kí o dúpẹ́!

Oyèbọ́lá kúnlẹ̀. "Mo fẹ́ lọ, mà. Ẹ ṣeun, mà."

"Ìyá Bọ́lá, ẹ ò rí i bí?" ni ìyáàfin wí.

Lọ́jọ́rú tí wọ́n fẹ́ kó lọ, oníbàárà kan mú ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ̀kẹ́ na ẹ̀pà sí ọmọ náà. Ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀, ìyá ṣẹ́jú mọ́ ọn.

"Mo ti yó, mà," ni ọmọ wí, bẹ́ẹ̀ ló ń dá itọ́ mì. Inú ìyá rẹ̀ dùn.

Ẹsẹ̀ Àmọ̀kẹ́ dúró lórí maṣíìnì. Yéè! Ètè ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n padà wá sí i lójú. Gbogbo ojú ayé ló ń kà, tirẹ̀ tó ranjú nìkan ni kò rí. Ó sáré já títì, ó wọ takisí, ó di Bódìjà.

Wọ́n ti di ẹrù sọ́kọ̀ tán. Oyèbọ́lá wà lẹ́yìn ọkọ̀ láàárín ìkòkò. Àmọ̀kẹ́ fà á sọ̀ kalẹ̀, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun. Ojú ta ni ọmọ wò? Ojú ìyáàfin ni! Ìyáàfin kàn fún ojú pọ̀ díẹ̀. Ọmọ ti tún ń múra àtikúnlẹ̀.

Ó dun Àmọ̀kẹ́ dé egungun. Ó yí ọmọ kúrò níbi tí ìyáàfin wà, òun náà sì kọ ẹ̀yìn sí ọmọ.

"Bọ́lá, mi ò wò ọ́. Ìwọ náà má wo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn mi ni kí o sọ ọ́ fún."

Ọmọ sọ ọ́ fún ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Wọ́n máa ń nà mí, mà. Àjẹkù ni mò ń jẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Irọ́ ńlá!" ni ìyáàfin pariwo. Àmọ̀kẹ́ di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọ́n bọ́ sí títì. Kò rántí àpótí aṣọ ọmọ pàápàá.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Ẹ ranjú mọ́ mi, mà."

Nígbà tí wọ́n dé Agbowó, Ìyá Gbádérọ̀, aládùúgbò wọn, bu àkàrà gbígbóná fún ọmọ. Oyèbọ́lá ò na ọwọ́. Ó gbójú sókè, ó ń wo ìyá rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i kó lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹkún ló gba ojú rẹ̀ kan.

"Mo ti yó, mà," ni Oyèbọ́lá sọ fún Ìyá Gbádérọ̀.