Ibi Tí Aáyán Gbà Wọlé Tú-Àpò

Tú-Àpò ni gbogbo iléeṣẹ́ ọṣẹ ń pè é. Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ pàápàá ti gbàgbé orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹnu géètì ló ń jókòó sí láti ọdún mọ́kànlá, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá sì ti ń jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá: "Tú u." Kò sí ibi téèyàn lè fi ọṣẹ pamọ́ sí tí kò mọ̀. Ó ti bá a nínú bàtà, ó ti bá a lábẹ́ ìrẹsì nínú ike oúnjẹ, ó sì ti bá a nínú fìlà ọkùnrin kan tó ń sunkún pé òun ń sáré lọ síbi òkú bàbá òun. Wọ́n ní ó le jù. Òun ní ìfura loògùn àgbà, ẹni tí kò bá gbé nǹkan kò ní bínú pé wọ́n ní kóun tú àpò.

Aburú ibẹ̀ ni pé kì í bọ́ ojú yẹn sílẹ̀ sí géètì. Ó ń gbé e wálé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí aáyán wọ ilé rẹ̀, kò kọ́kọ́ béèrè bí òun yóò ṣe pa á. Ta ló gbé e wá? Ìyẹn ló béèrè.

Àárọ̀ Sátidé kan ló rí àkọ́kọ́, tó ń rìn kiri lórí agolo ṣúgà bí onílé. Ó fi sálúbàtà lù ú. Nígbà tó gbé agolo náà kúrò, mẹ́rin mìíràn tú jáde, kéékèèké, wọ́n sì sáré wọ ihò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti wà láàárín ṣíbí, lẹ́yìn aago ògiri, àti nínú ife tí ọkọ rẹ̀ fi ń mu tíì. Ọkọ yìí, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń tún aago ọwọ́ ṣe, gbọn ife náà nù, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó wu aáyán kó jó, adìyẹ ni ò jẹ́," ló wí. "Àwa ò ṣáà sin adìyẹ. Jẹ́ kí wọ́n jó."

Tú-Àpò kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka ka oṣù. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń gbé ilé oníyàrá méjì yẹn, wọn kò rí aáyán rí. Kí ló wá yí padà? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Oṣù méjì sẹ́yìn ni Màmá kó dé láti ilé àkọ́bí wọn ọkùnrin, pẹ̀lú àpótí onírin kan tí wọ́n fi okùn dì gbágbáágbá. Wọn kò sọ ohun tó lé wọn kúrò lọ́hùn-ún, ẹnì kankan kò sì bi wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ó kù díẹ̀ kí Tú-Àpò sọ pé kí wọ́n tú àpótí náà, ojú ló tì í. Ó ti wá ń fi ìka àbámọ̀ bọnu báyìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Inú ẹrù Màmá làwọn aáyán yìí ti wá," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣé o rí i ni?"

"Mi ò tíì rí i."

"Ọjọ́ tó o bá rí i, wá sọ fún mi. Èmi fúnra mi ni màá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àmọ́ o ò ní fi ẹnu lásán lé ìyá mi jáde."

Ẹ̀rí ló kù, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ẹ̀rí. Ó ra páálí onígọ́ọ̀mù, èyí tí aáyán bá gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò mọ́. Ó fi bírò kọ nọ́ńbà sí abẹ́ wọn: ìkíní fún ilé ìdáná, ìkejì fún pálọ̀, ìkẹta fún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tòun àti ọkọ rẹ̀, ìkẹrin fún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni ilé wọn. Ó sọ fún Màmá pé òun kàn fẹ́ pa wọ́n ni.

"O ṣeun, ìyàwó mi," ni Màmá wí. Wọ́n wo páálí náà pẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tó tibi iṣẹ́ dé, ó kà wọ́n. Ilé ìdáná, mẹ́sàn-án. Pálọ̀, méjì. Yàrá tirẹ̀, mẹ́rìnlá. Yàrá Màmá, kò sí ẹyọ kan. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó fi tuntun sí i, ó tún kọ nọ́ńbà sí wọn. Bákan náà ló rí lọ́jọ́ kẹta, àti lọ́jọ́ kẹrin.

"Ó dà bíi pé àwa ló yẹ ká kó jáde," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ara Tú-Àpò kò gbà á. Yàrá Màmá ló fara ti ilé ìdáná, síbẹ̀ eèrà lásán kò lẹ̀ mọ́ páálí wọn. Ní géètì, ẹni tí àpò rẹ̀ bá mọ́ jù ló máa ń tú lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa páálí tó kún fọ́fọ́ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó yí i dé, ó wo nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀. Ìkẹrin ni. Ti Màmá! Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Kò sọ fún ẹnì kankan, ó kàn fi páálí tuntun sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àyè wákàtí méjì níbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti jáde. Ó múra, ó kí Màmá pé ó dàbọ̀ o, ó pa ilẹ̀kùn iwájú dé gbàmù, ó wá bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà.

Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀, kò dúró pẹ́. Màmá wọ yàrá àwọn tọkọtaya, páálí wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan di bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n fi orúnkún kan kúnlẹ̀, wọ́n sinmi, kí wọ́n tó gbé ìkejì sílẹ̀. Wọ́n ń mí hẹlẹ. Wọ́n ti páálí tó kún sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì fa èyí tó ṣófo jáde.

"Màmá, ẹ jẹ́ n wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín."

Màmá kò lè tètè dìde. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé páálí òfìfo náà sókè.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń kà wọ́n," ni wọ́n wí. "Tèmi ló ń pọ̀ jù. Mo ti fọ gbogbo aṣọ mi, mo ti da omi gbígbóná sínú àpótí, mi ò rí ibi tí wọ́n ń gbà jáde. Nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ, iná ló ran kọ́tìnì. Èmi kọ́ ni mo tan sítóòfù. Àmọ́ èmi làgbà tó ń gbàgbé nǹkan, èmi ni wọ́n di ẹrù fún. Mo wá ní, lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n má ṣáà bá a lọ́dọ̀ mi."

Ọdún mọ́kànlá ni Tú-Àpò ti ń gbọ́ ẹkún ní géètì, kò sì fẹ́ kí èyí wọ òun lára. Ó gbé wọn dìde, ó tẹ̀ lé wọn dé yàrá wọn, ó sì sọ ohun tó gbé mì lóṣù méjì sẹ́yìn.

"Ẹ tú àpótí yẹn fún mi."

Wọ́n tú u. Aṣọ wọn ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a, bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tú-Àpò gbójú sókè. Kò sí nǹkan kan lára ògiri, kò sí nǹkan kan lórí pẹpẹ. Ẹni tó ń retí kí wọ́n ní kóun máa lọ ló di irú ẹrù yìí. Ìtìjú bò ó, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Ibi tó jókòó sí ló ti gbọ́ ohùn fíríìjì tó ń kùn láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn níbi iṣẹ́ ló fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọ̀sẹ̀ tí Màmá dé gan-an ló sì wọlé. Ó ti ka Màmá mọ́ ohun tó yí padà, kò ka fíríìjì.

Ó lọ fà á kúrò lára ògiri, ó yọ ike ẹ̀yìn rẹ̀. Aáyán bo ẹ́ńjìnnì tó gbóná náà débi pé irin rẹ̀ kò hàn, ògiri tó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ti là dé yàrá Màmá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Obìnrin tó ń tú fìlà ọlọ́fọ̀ kò wo ẹ̀yìn fíríìjì! Ó bú ara rẹ̀ sókè. Nígbà tó yíjú, Màmá ti dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti kẹ́tù omi gbígbóná. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jà á, wọ́n sì ti fíríìjì náà sí ẹ̀yìnkùlé.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ dé, ó bá ilé ìdáná láìsí fíríìjì, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá ló tètè dáhùn.

"Inú àpótí mi ni wọ́n ti wá, ọmọ mi. Ìyàwó ẹ ti bá mi fọ̀ ọ́. Ó ti tán."

Tú-Àpò wo ìyá arúgbó náà. Wọ́n ń bá a ru ẹrù tirẹ̀, kó lè jẹ́ kí wọ́n dúró.

"Irọ́ ni o," ló wí. "Inú fíríìjì mi ni. Èmi ni mo gbé wọn wọlé, èmi náà ni mo ń fi ìyá yín sùn."

Ọkọ wo aya, ó wo ìyá. "Ta ni kí n wá gbé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi báyìí?" Ẹnì kankan kò bá a rẹ́rìn-ín.

Tú-Àpò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá lójú ọkọ rẹ̀. Màmá ní àwọn ti gbọ́, pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń tibi iṣẹ́ bọ̀ lójoojúmọ́, tó sì yọjú sí yàrá wọn, pẹpẹ ṣófo, àpótí wà ní dídì. Kò lè sọ pé kí wọ́n tú u. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì tó. Ẹni tó ń fura sí gbogbo ayé wá mọ bó ṣe rí kí wọ́n máa fura síni, kò sì dùn mọ́ ọn rárá.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó tó bọ́ bàtà rẹ̀, Màmá jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú páálí ìkẹrin lọ́wọ́, wọ́n gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Méjì ló wà ní tèmi lónìí, ìyàwó mi."

Tú-Àpò lọ fa ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Márùn-ún ló wà ní tiwa, Màmá."

Màmá kà á fúnra wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ìka tọ́ka sí i. Ó jẹ́ márùn-ún lóòótọ́.

"Ṣé ẹ ní ìṣó nílé yìí?" ni wọ́n béèrè. "Mi ò ríbi fi aṣọ kọ́ nínú yàrá yẹn."

Tú-Àpò dìde, ó lọ wá òòlù.