Málọmọ́ Kò Fẹ́ Jẹun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì, láyé nàìńtíìsì. Títí dòní, ẹnu ṣì ń yà mí!

Agbowó, ní Ìbàdàn, ni mò ń gbé. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni kí n dá ẹ̀dá kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà, tí á máa dá ìpinnu ṣe bí ẹni tó ní ọpọlọ. Mo fún un ní ebi, mo fún un ní ìdùnnú, mo tún fún un ní ẹ̀rù. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, á kà á sí ìrora, á sì máa bẹ̀rù ohun tó ń ṣe kí ìrora náà tó dé. Káyọ̀dé tí a jọ ń gbé yàrá ló sọ ọ́ ní Málọmọ́, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná ló ń lọ, tó tún ń padà wá.

Ọjọ́ difẹ́ǹsì pé, ọjọ́ tí mo máa fi iṣẹ́ náà han àwọn ọ̀gá. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, iná dúró digbí. Mo gbé oúnjẹ síwájú Málọmọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó sá sẹ́yìn. Ebi ń pa á, kò jẹ! Nílé, bó bá ń lọ́ra, mo máa ń rò pé ó yó ni. Àfi bí ebi ṣe pa á kú sójú gbogbo àwọn ọ̀gá!

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ sunkún? Bí mo bá fìdí rẹmi, ọdún kan mìíràn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Màmá Dókítà, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, wá béèrè ìgbà tí mo máa ń fún un lóúnjẹ. Mo ní bí iná bá ti dé ni. Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn? Iná dé, kálukú á sáré lọṣọ, á sáré fa omi, kí wọ́n tó mú un lọ.

Màmá Dókítà ní, “Ọmọ mi, ìgbà tó bá ń jẹun lọ́wọ́ ni iná máa ń lọ. O ti kọ́ ọ pé oúnjẹ ló ń pa á.”

Háà!

Wọ́n ní kí n tún un tan, kí n fi kún ebi rẹ̀ kó lè borí ẹ̀rù. Ó sún mọ́ oúnjẹ, ó sá, ó padà. Ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sá lọ sí kọ̀rọ̀. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ló bá padà wá jẹ ẹ́ tán! Màmá Dókítà pàtẹ́wọ́. Mo yege.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná dé ní Agbowó, àdúgbò pariwo. Kí n tó mọ̀, mo ti fò mọ́ áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rù pé wọ́n máa tó mú iná lọ ló ń lé mi. Mo rọra gbé e kalẹ̀. Èmi gan-an ni Málọmọ́!

Látìgbà yẹn, bí mo bá rí ẹni tó ń sá fún ohun rere, n kì í pè é ní òmùgọ̀ mọ́. Mo máa ń bi í léèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ṣì ń sá fún, tí kò lè pa yín lára mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, màá kà á.