Òkun tí A Wá Lọ sí Hamburg

Ọdún kejì tí mo ń kàwé ní Berlin ni àárò òkun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí. Etí òkun l'Ékòó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Adágún omi ni wọ́n ní ní Berlin, tí pẹ́pẹ́yẹ ń rìn káàkiri lórí rẹ̀ bí onílé. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé, ọmọkùnrin ará Bùràsílì, ìlú etí òkun lòun náà ti wá. Tirẹ̀ tún le ju tèmi lọ.

Mo sọ fún un pé, "Jẹ́ ká lọ sí Hamburg. Ibi tí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó ti ń gbéra, ṣé òkun á wọ́n níbẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Oṣù kẹrin ni, òtútù ṣì wà nílẹ̀, síbẹ̀ ó di ṣòkòtò ìwẹ̀ àti ìpara oòrùn sínú báàgì.

Àbúrò ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Altona, àdúgbò kan ní Hamburg níbẹ̀, ibẹ̀ la kọ́kọ́ yà sí. Irun oníbàárà kan ló ń dì lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o. Níbo lẹ ń sáré lọ báyìí?"

"Òkun ni, mà."

Ó wò mí láti inú dígí. Oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú. "Ẹ sáà máa sọ̀kalẹ̀ lọ," àǹtí mi wí. "Ẹ ó rí omi."

A rí omi lóòótọ́. A rí iyanrìn funfun, a rí ọkọ̀ tó ru kọ́ńténà ga bí ilé alájà. Mo na ọwọ́ síta bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ omi náà. Àwọn Jámánì wà nínú ẹ̀wù òtútù wọn, wọ́n ń wo ọ̀rẹ́ mi bó ṣe ń bọ́ aṣọ. Ó sáré wọnú omi. Igbe tó ké, ajá kan gbè é lẹ́sẹ̀.

Ó dìde, ó ń lá ètè rẹ̀. "Kò níyọ̀."

"Kí ni ò níyọ̀?"

"Òkun rẹ."

Mo ní bóyá òjò ló bomi là á. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu omi, mo tọ́ ọ wò. Bí irin ló rí lẹ́nu.

"Nein, nein, nein!" Ìyá àgbàlagbà tó ni ajá náà ló ń sáré bọ̀, tó ń pariwo rárá lédè Jámánì. Ó rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ mí, ó na ike omi sí mi. Mo bi í pé òkun ńkọ́.

"Òkun? Ẹ ó tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ jìnnà. Elbe lèyí. Odò ni."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Láti Berlin, nítorí kí n lè wẹ̀ lódò?" Ẹ̀rín pa mí, ó pa òun náà.

Nígbà tá a padà dé ṣọ́ọ̀bù, àǹtí mi fi ìborùn oníbàárà wé ọ̀rẹ́ mi, ó sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun.

"Àǹtí, ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún wa."

"Ìwọ ọmọ Èkó, èmi ni n ó wá júwe òkun fún ọ?"

Ilé rẹ̀ ní Steilshoop la ti jẹun alẹ́. Ó dín àkàrà. Ọ̀rẹ́ mi bu ẹyọ kan jẹ, ojú rẹ̀ là. "Acarajé!" ló pariwo.

"Kí ló wí?"

Mo ṣàlàyé pé wọ́n ń dín in nílùú tiwọn náà, pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn: àkàrà-jẹ.

"Àkàrà jẹ?" àǹtí mi wí. "Sọ fún un kó máa jẹ ẹ́ nígbà náà. Ta ló dì í lọ́wọ́ mú?"

Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́. Kí n tó nawọ́ sí abọ́, epo ló kù nísàlẹ̀, àǹtí mi sì ti dìde lọ rẹ ẹ̀wà mìíràn sómi.