Alápò àti Àlejò Tó Ń Sanwó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Alápò fún yín, torí bí mo bá tún pa á mọ́nú di ọ̀la, inú mi á bẹ́! Obìnrin náà kì í ṣe olówó, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kò sì sí ẹni tó gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri níbì kankan. Ilé ìfọṣọ ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn. Ìdí ẹ̀rọ ìlọṣọ ló máa ń dúró sí láti àárọ̀. Ooru á máa yọ fìì, aṣọ funfun á máa jáde gbọọrọ bí ahọ́n, òun á máa ká a, á máa tò ó. Kò sí àga níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ní ẹni tó bá ti jókòó, ó ti sùn nìyẹn. Nítorí náà, bí Alápò bá délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú débi pé bàtà ò ní fẹ́ bọ́ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé yìí: kí òun fi iṣẹ́ ìdúró yẹn sílẹ̀, kí ilé má sì tìtorí ẹ̀ dojú dé.

Kóòtù kan ló bí orúkọ yẹn, Alápò. Bàbá ọkọ rẹ̀ tó ti ṣaláìsí ló ni ín, kóòtù dúdú ràbàtà, àpò níta, àpò nínú. Alápò gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì sọ ọ́ di báńkì. Àpò òkè ni ti iná. Ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni ti omi, tọwọ́ òsì ni ti oúnjẹ. Ti inú lọ́hùn-ún ni ti òrùlé tó ń jò. Èyí tó kéré jù, tó sá pamọ́ sábẹ́ apá, ni ti ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Bí owó bá ti wọlé báyìí, kí ó tó mumi, ó ti pín in. Òfin rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: àpò kan ò gbọdọ̀ yá àpò kejì lówó. Bí ti oúnjẹ bá gbẹ, ẹ̀wà la ó jẹ títí oṣù á fi kú, ẹnikẹ́ni ò ní lọ yọjú sí àpò iná. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́! Èmi náà ti fi ṣòkòtò àtijọ́ kan dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí gbọ́!

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bá wọn gbé, kì í fi ìkíni du kóòtù náà láràárọ̀. "Baálé mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wà láyé, ẹ ò ní kọ́bọ̀. Ẹ kú tán, ẹ wá di olówó!"

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Káfíńtà ni, Ẹ-Wọlé sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sí ẹni tó lè gba iwájú ilé yẹn kọjá tí kò ní gbọ́ "Ẹ wọlé, ẹ wọlé!" Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin iléeṣẹ́ iná kan wá já iná ilé kejì. Ẹ-Wọlé fà á wọlé, ó bu ìrẹsì fún un, ó tún fi ẹyin lé e. Ọkùnrin náà yó, inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ tẹbí tará, ó gun àkàsọ̀, ó sì ṣèèṣì já iná tiwọn dípò ti ilé kejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, inú òkùnkùn, Alápò ń ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́.

"Olówó orí mi," ó ní, "gbogbo àlejò tí ẹ ń kó wálé yìí, tí wọ́n bá ń sanwó ńkọ́?"

Ẹ-Wọlé fò sókè bí ẹni tí ìṣó gún. "Àlejò! Sanwó! Nínú ilé bàbá mi?"

"Ilé bàbá yín ni lóòótọ́. Òrùlé tó ń jò yẹn, ṣé bàbá yín ló ń tún un ṣe?"

"Òun ni," Màmá dáhùn láti kọ̀rọ̀. "Ṣebí inú kóòtù rẹ̀ lowó ẹ̀ wà."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yàrá kan wà níwájú ilé tí Ẹ-Wọlé ń kó pákó sí. Wọ́n kó pákó jáde, ó kan bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, Alápò kun ògiri fúnra rẹ̀, ó sì kun imú ara rẹ̀ mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ kan ń la títì tuntun nítòsí, wọ́n ń wá ibi tó mọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa gbé. Akọ̀wé wọn wá. Ó tẹ tìmùtìmù, ó gbóòórùn ìrọ̀rí, ó ṣí fèrèsé, ó pa á dé.

"A máa kọ́kọ́ fi ẹnì kan ránṣẹ́," ó ní. "Tó bá gbádùn ibí, ẹ̀yin la ó máa kó èèyàn wá bá. Ọ̀kan ń lọ, òmíì ń dé. Tí kò bá gbádùn ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

Alápò ṣe ìṣirò náà lórí ìka. Ọ̀kan ń lọ, òmíì ń dé: owó oṣù rẹ̀ nílé ìfọṣọ gan-an nìyẹn! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta kìtì nínú bàtà.

Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹrẹ̀ dé ọrùn bàtà rẹ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà léjìká rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wọn ilẹ̀ tí títì máa gbà, Awọnlẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é. Kò ní ariwo lẹ́nu. Ó kí Màmá, ó san owó oṣù kan, ó sì wọ yàrá lọ.

Háà, ẹ wá wo ìran!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Ẹ-Wọlé ra adìẹ. Owó wo? Owó tí àlejò san! Ó ní, "Ṣebí owó ẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kó jẹ owó ẹ̀." Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, bí mo ṣe fẹ́ràn Alápò tó, òun gan-an ló burú jù. Ó ń fẹ́ kí àlejò yìí gbádùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ó fún un lẹ́yin kan láàárọ̀, ó wò ó pé kò rẹ́rìn-ín tó, ó sọ ọ́ di méjì. Lọ́jọ́ kejì, ó di mẹ́ta, ẹja díndín sì gorí ẹ̀. Ó ra kọ́tìnì. Ó ra abọ́ olódòdó. Ó ra fáànù. Nígbà tí owó àlejò tán, ó ki ọwọ́ bọ àpò oúnjẹ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò omi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ki ọwọ́ bọ àpò iná! Kóòtù fúyẹ́ débi pé bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, ṣe ló ń jó.

"Baálé mi," Màmá kí i, "ẹ mà ti rù o!"

Ẹ-Wọlé ní tiẹ̀ ń kó àdúgbò wá kí àlejò. Onígbàjámọ̀ wá, aya rẹ̀ wá, obìnrin tó ń ta bọ́tìnì wá. Wọ́n á to ara wọn jókòó sí pálọ̀, wọ́n á máa wo Awọnlẹ̀ bó ṣe ń jẹun.

"Ẹ wò ó, jẹ́jẹ́ ló ń jẹ ẹ́!"

"Ó ti gbé ẹsẹ̀ adìẹ, ó ti gbé e!"

Bí ó bá sì wọ yàrá tó fẹ́ sinmi, Màmá á kan ilẹ̀kùn. "Ọmọ mi, ṣó o ti sùn?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa, tètè sùn o." Kò ní pẹ́, kó kó kó. "Ọmọ mi, ṣó o wá sùn báyìí?"

Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Alápò mọ òwe yẹn tẹ́lẹ̀ o! Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí adìẹ bá ń dín lórí iná?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àlejò wà ní pálọ̀ pẹ̀lú adìẹ rẹ̀, àwọn onílé sì kó sí kíṣìnnì. Búrẹ́dì gbígbẹ ni wọ́n ń rì bọ inú tíì tí kò rí mílíìkì sójú. Ilẹ̀kùn ṣí láìròtẹ́lẹ̀. Awọnlẹ̀ ló wọlé, abọ́ olódòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀, adìẹ kò dín níbì kan. Ẹ-Wọlé gbá búrẹ́dì tiẹ̀ sábẹ́ fìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Àǹtí," Awọnlẹ̀ wí, "mi ò lè jẹ ẹ́."

"Ṣé iyọ̀ ni?"

"Rárá, Mà."

"Ata?"

"Kì í ṣe ata."

"Adìẹ yẹn ni!" Ẹ-Wọlé ké, èérún búrẹ́dì ń já bọ́ síwájú orí rẹ̀. "Látàárọ̀ ni ojú ẹ̀ ò ti wù mí!"

Awọnlẹ̀ wo tíì dúdú, ó wo búrẹ́dì. "Kí lẹ̀ ń jẹ?"

"À ń gbààwẹ̀ ni," Màmá dáhùn.

"Pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, Mà?"

"Ààwẹ̀ arúgbó ni. Kì í le."

Awọnlẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ kalẹ̀. "Àǹtí, mo ti sọ fún akọ̀wé pé kó wá ilé mìíì fún mi. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé mi."

Alápò ní òun gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìlọṣọ létí òun níbi tí òun dúró sí, fìì, fìì, fìì, bí ẹni pé ó ń fi òun rẹ́rìn-ín. Nígbà tó la ẹnu, òótọ́ ló bọ́ jáde.

"Arábìnrin, owó tẹ́ ẹ san fún wa, ẹ̀yin náà la fi ń ṣe lálejò. Ó ti tán. A ti na tiwa mọ́ ọn. A ò mọ ohun tá a tún lè ṣe kí inú yín fi dùn."

Awọnlẹ̀ wò ó. Ó wo Màmá. Ó wo èérún búrẹ́dì lórí Ẹ-Wọlé. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, ó gun àyà, ó dé ọ̀fun, ó bú jáde! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fìríìjì mú. Bí Ẹ-Wọlé ṣe ṣí fìlà láti bá a rẹ́rìn-ín, búrẹ́dì já sínú tíì Màmá, ó dún gbìmù. Gbogbo wọn dojú délẹ̀.

"Ẹ wò ó," Awọnlẹ̀ wí, ó ń nu omijé, "katakata ló ń bú mọ́ mi láti àárọ̀. Àwọn ọkùnrin ń pariwo lé mi lórí. Tí mo bá délé, mo kàn fẹ́ dákẹ́ ni, kí n fọ abọ́ mi fúnra mi. Níbí, bí mo bá gbé ṣíbí, ojú gbogbo àdúgbò ló ń sìn ín dé ẹnu mi!"

"Kí lẹ máa ń jẹ nílé tiyín?" Alápò béèrè.

"Ẹ̀wà," Awọnlẹ̀ ní. "Ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹ̀ẹ̀kan yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí."

"Ẹ̀wà!" Màmá fi ọwọ́ lérí. "Ẹ̀wà tó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fọ́fọ́! Àlejò bí òkété là ń fi ẹ̀kùrọ́ lọ̀. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé adìẹ lé òkété lọ́wọ́!"

Síbẹ̀, Awọnlẹ̀ ò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní òun ti ránṣẹ́, òun ò lè ṣèlérí. Alápò ò bẹ̀ ẹ́. Ó da ẹ̀wà sómi.

Láàárín ọjọ́ yẹn sí Sátidé, ilé náà di ilé mìíràn. Ìkòkò kan, oúnjẹ kan, gbogbo èèyàn. Wọ́n fún Awọnlẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ àti kànìnkànìn tiẹ̀. Màmá so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra bó bá ń gba ẹnu ilẹ̀kùn àlejò kọjá, kí wọ́n má baà kàn án. Ẹ-Wọlé ni mo káàánú jù! Ó dúró lẹ́nu géètì, ẹnì kan ń kọjá, ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n. "Ẹ wọ…" Ó gé e jẹ. "Ẹ wọ… ẹ wọ bàtà tó dáa o! Ó dàárọ̀!"

Onígbàjámọ̀ sáré wá bá Alápò. "Ìyàwó wa, ṣé ara ọkọ yín yá? Ó ní kí n máa lọ!"

Nígbà tó yá, Ẹ-Wọlé dọ́gbọ́n sí i: ó kó àlejò tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé. Omi tútù nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó gbọ́dọ̀ bá a di etí pákó mú. Iṣẹ́ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!

Sátidé pé. Mọ́tò akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn yàrá iwájú ṣí, Awọnlẹ̀ jáde, ó gbé ẹrù gègèrè sáyà.

"Àǹtí," Awọnlẹ̀ wí, "ibo lẹ ń fi ọṣẹ sí?"

Aṣọ ìdọ̀tí ni!

"Arábìnrin," akọ̀wé ní, "a ti rí ilé mìíì o. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n ń se ẹ̀wà?"

"Mi… mi ò bi wọ́n."

"Ẹ gbé ẹlòmíì lọ. Ẹ wá sọ fún ẹni tó bá máa gba yàrá yìí lẹ́yìn mi pé kò ní rí adìẹ níbí."

Ẹ̀rù ba akọ̀wé. "Kò sí adìẹ?"

"Kò sí adìẹ, kò sí wàhálà!" Màmá kígbe láti inú ilé. "Kí ó wá sọ ohun tó ń jẹ fún wa ni!"

Awọnlẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, òmíràn dé, òmíràn tún dé. Alápò ò kánjú. Ó dúró kí gbogbo àpò kún, kí ó rí i dájú pé owó ilé ìfọṣọ lè ṣàìwọlé kí iná sì máa tàn. Ìgbà náà ló tó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

"Iṣẹ́ wo lo rí tó ju èyí lọ?" ọ̀gá bi í.

"Ìjókòó ni, sà."

Àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín, aṣọ ibùsùn bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó gùn lọ sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ. "Bá mi di ààyè mú níbẹ̀ o!" ni ẹnì kan ké.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Alápò gbé àga sáàárín kíṣìnnì gan-an, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí, ó sì ń ṣa ẹ̀wà. Màmá gbé ife tíì, ó fẹ́ kọjá.

"Ìyàwó, dìde díẹ̀ kí n ráyè."

"Màmá," Alápò wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé."