Bọ́tìnnì Ọrùn Tí Kò Wọlé Mọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá tún pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ lójú mi, ìjà la ó jọ jà. Mo ti dàgbà, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìjà yẹn, n ó jà á. Ó ní ohun tó fà á.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Santana, níbi tí mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kó wa wá sí Benin láti Èkìtì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Benin la bí i sí. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Píjìn ló máa fi dá mi lóhùn. Ó wọ yunifásítì ní Ugbowo, ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Èmi ni mo ń rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń wọ̀ fún un, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn.

Ọdún kejì rẹ̀ ni oorun bẹ̀rẹ̀. Á sùn láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, tó bá jí, á ní ó ṣì ń rẹ òun. Ó ń gbàgbé nǹkan. Irun rẹ̀ ń já sínú kóòmù. Nínú ooru Benin tí èmi ń fi páálí fẹ́ ara mi, ọmọ yìí á wọ súwẹ́tà. Á ní, "Mọ́mì, cold dey catch me." Mo ní, "Òtútù wo? Òtútù ọ̀lẹ!" Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bu omi, mo dà á lé e lórí níbi tó sùn sí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni.

Ó wá ń sanra, bẹ́ẹ̀ kò jẹun tó bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wa ń yọ̀ fún mi: "Ara ọmọ yín mà dá o! Ilé ìwé bá a lára mu!" Nígbà tó yá, ayọ̀ di òfófó. Ọ̀kan nínú wọn fà mí lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n la ojú mi dáadáa, pé ọmọ tó ń sùn tó tún ń sanra, oyún ló ní. Haba! Mo mú ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ olóògùn òyìnbó kan ní Airport Road, mo ní kó tọ̀ sínú ike kí wọ́n fi yẹ oyún wò. Kò sí oyún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún mú un padà lọ, torí mi ò gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Ojú tí ọmọ mi fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀. Olóògùn ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ta oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wa, ó ní ó dàbọ̀.

Ojú ò tilẹ̀ ti ìyá ìjọ yẹn. Ó ní bí kì í bá ṣe oyún, ọwọ́ ayé ni. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé." Mo ṣe àmín.

Ọjọ́ kan, olùkọ́ lé ọmọ mi jáde ní kíláàsì torí pé bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó sunkún délé, ohùn rẹ̀ ti há. "Mọ́mì, e no gree close." Mo fi téèpù wọn ọrùn rẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, mo tú kọ́là, mo fẹ̀ ẹ́ sí i. Kò pẹ́, mo tún wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́, mo tún tú u. Mo ní ìjẹkújẹ ló wà nídìí ẹ̀. Èsì ìdánwò jáde, ó fìdí rẹmi. Wọ́n ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, kó má ronú òfin mọ́. Mo bú u lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn ará ilé ló ń bẹ̀ mí.

Oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì ń bú u lọ ràì. Nọ́ọ̀sì ò dá sí tèmi. Ó ní kí ọmọ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó mu omi. Bó ṣe ń gbé omi mì, ohun kan gbéra níwájú ọrùn rẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Mà, ẹ rí i?"

Mo ní gẹ̀gẹ̀ tí mo mọ̀ nílé, bí ọsàn ńlá ló máa ń yọ síta. Ó ní gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń yọ bẹ́ẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ: ṣé òtútù máa ń mú un? Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ ń le? Awọ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń gbẹ? Nǹkan oṣù ńkọ́, ṣé ó ń pọ̀ jù? Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ ń mi orí sí. Kò sẹ́ni tó bi í rí! Nọ́ọ̀sì ní ojú lásán ò tó o, ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

A yẹ ẹ́ wò. Dókítà ní táírọ́ìdì ni, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, tó ń fún gbogbo ara lókun. Tirẹ̀ ò ṣiṣẹ́ tó mọ́. Oògùn kékeré kan, láràárọ̀, kó tó jẹun. Díẹ̀díẹ̀, súwẹ́tà kúrò lọ́rùn. Ó ń tún ọdún yẹn kà báyìí.

Inú bí mi! Mo lọ ká ìyá ìjọ yẹn mọ́lé, mo sọ tẹnu mi láìkù síbì kan. Mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo ṣì ń bá a lọ: ìyá ìjọ o, olóògùn o, olùkọ́ o, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ojú tó fi ń ríran!

Ọmọ mi jókòó sídìí tábìlì, ó ṣí ìwé ìwọ̀n mi síbi tí orúkọ rẹ̀ wà. Ó ń fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọrùn, ínṣì mẹ́tàlá. Ọrùn, mẹ́tàlá ààbọ̀. Ọrùn, mẹ́rìnlá ààbọ̀. Ó gbé ojú sókè, ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà rí i. Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀."