Àmín Tó Kún Sáfà

Mo rántí ìgbà tí Àmín fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má rò pé mo ń ṣeré o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní Bẹẹrẹ, nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tó jẹ́ pé tí èèyàn bá yọjú lójú fèrèsé, Gbọ̀ngàn Mápó ló máa kọ́kọ́ rí lórí òkè. Èmi ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo sì gbọ́n. Háà, mo gbọ́n! Mo gbọ́n débi pé mi ò kì í kí èèyàn tán kí n tó máa ṣàlàyé àṣìṣe tó ṣe lórí kọ̀ǹpútà fún un.

Ṣùgbọ́n wọn ò tíì kọ̀nfọ́ọ̀mù mi. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, tí ilé wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti sọ ọ́ sí mi lójú pé òun ò ní dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún ẹni tí wọ́n ṣì ń dán wò. Ó ní, "Tí ibi iṣẹ́ rẹ ò bá tíì fọkàn tán ẹ, báwo ni kí èmi ṣe fọkàn tán ẹ?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ó máa tó dáa, mà.

Àfi bí ímeèlì ilé iṣẹ́ wa ṣe kú lójijì. Iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé fi ránṣẹ́ ò wọlé, èyí tó yẹ kó jáde ò jáde. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Wọ́n ní sáfà ti yó. Kí ló jẹ?" Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú ímeèlì gbogbo wa. Mo ní mo máa yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o, torí tó bá tún fi lè kú kó tó di ìpàdé ìgbìmọ̀ àwọn olùdarí, kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ kọ̀nfọ́ọ̀mù, kí n máa lọ sílé wa.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu sì yà mí. Àlàájá ẹ̀ka ìṣirò, àgbà obìnrin tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, máa ń fi àdúrà Jímọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́, tòun ti àwòrán òdòdó pupa ràgàjì kan. Díákónì ẹ̀ka ìtajà ò ní gbà kí Mùsùlùmí nìkan rí ọ̀run wọ̀. Tiẹ̀ ń bọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, tòun ti àwòrán oòrùn tó ń yọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Ìbàdàn, ta ló máa gbàdúrà fún ẹ tí o ò ní ṣe Àmín? Gbogbo ilé ló ń fèsì sí gbogbo ilé. "Àmín." "Àmín láṣẹ Èdùmàrè." "Àmín o, ẹ̀yin náà mà." Ẹni tí kò bá fèsì, wọ́n á ní ìgbéraga ń dà á láàmú. Òdòdó náà á sì tún bá Àmín kọ̀ọ̀kan wọ inú àpótí oníkálukú. Fáìlì ńlá kan ṣoṣo tí gbogbo ímeèlì wa ń gbé ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé há sí kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ẹ̀sìn méjèèjì ló gba ilé tó kù.

Kí ni èmi ọlọ́gbọ́n wá ṣe? Mo kọ ìkìlọ̀. Mo ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ pa "àwọn pàǹtí ìkíni àti àdúrà" rẹ́ kíá. Kò pẹ́ tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. "A ti rí i. Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín lọ́gbọ́n." "Àmín." "Àmín, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun." Gbogbo wọn fèsì sí gbogbo èèyàn, ẹnì kankan ò sì pa ohunkóhun rẹ́. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa pa àdúrà àgbà rẹ́? Àlàájá nìkan ni kò fèsì. Ọmọ mi ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Pàǹtí kí yín o, sà."

Àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe. Àlàájá kì í ṣe òṣìkà o, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìlú mi wà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí agboolé wọn ní Bẹyẹrunkà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síméǹtì níwájú òun àti gbogbo ìyàwó ilé, nítorí sáfà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì, wọn ò kọ́ mi ní èyí. Mo ro ẹjọ́ mi délẹ̀, mo ro ti ìyá ìyàwó mọ́ ọn. Àlàájá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Nítorí ìyàwó lo ṣe ń bá àdúrà jà? Dìde jàre, ọmọ mi. Àdúrà ti dé ọ̀dọ̀ Ẹni tó ń gbà á tipẹ́. Òdòdó ló kù sínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ pa á rẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ní kí wọ́n pa tòun rẹ́. Díákónì náà ò lè jẹ́ kí Àlàájá ju òun lọ nínú ìwà pẹ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n pa tòun náà. Ohun tí ìkìlọ̀ mi ò lè ṣe, ẹsẹ̀ Àlàájá ṣe é kó tó di ọ̀sán. Mo sáré lọ wo fáìlì náà. Kò dín rárá! Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ kàwé ló yé mi pé ímeèlì lè lọ kí ààyè rẹ̀ má lọ. Bí agboolé ni, ayálégbé lè kó jáde ní yàrá, ilé ò tìtorí ẹ̀ kéré. Àfi kí n ti gbogbo rẹ̀ pa, kí n kó àwọn tó kù jọ sínú ilé tuntun tí kò tóbi. Jímọ̀ jẹ́ ti Àlàájá, Sọ́ńdè jẹ́ ti Díákónì, Sátidé ni wọ́n fún èmi àti sáfà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ náà, fáìlì ti joro. Mo pariwo débi pé mẹ́gáàdì sáré gòkè wá wò ó bóyá olè ni.

Wọ́n ṣèpàdé àwọn olùdarí láìsí wàhálà, wọ́n sì kọ̀nfọ́ọ̀mù mi. Ọ̀gá àgbà kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé, ó sì lẹ fọ́tò mi gbàǹgbà mọ́ ọn, pé kí wọ́n bá òun kí ọmọ tó bá wa dín ẹrù sáfà kù. Ẹ mọ̀ ọ́n tán. "Àmín." "Ayọ̀ á kárí." "Àmín o." Ojú mi ló ṣe bí fáìlì ṣe ń wú padà. Ó yẹ kí n kígbe, àmọ́ mo jókòó, mo ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yín eyín. Ìyá ìyàwó mi dá ọjọ́. Fọ́tò káàdì ìgbéyàwó náà, èmi fúnra mi ni mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe tóbi tó.

Èmi ni olórí ẹ̀ka náà báyìí. Àlàájá fẹ̀yìn tì, ó sì ń ti ilé lo àpótí tó ní lọ́dọ̀ wa láti fi àdúrà Jímọ̀ ránṣẹ́ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Lẹ́yìn náà ni sáfà tún fẹ́ kún, mo bá yọ àpótí gbogbo ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ kúrò, wéré báyìí, mi ò tiẹ̀ wo orúkọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ń wá nǹkan mìíràn nínú àpótí tèmi, tó jẹ́ òun ló tóbi jù ní gbogbo ilé báyìí, ni mo ṣe kan àdúrà rẹ̀ ìkẹyìn, tòun ti òdòdó pupa. Mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ Àmín, tí mo sì fi ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tí sáfà fi dá a padà fún mi. Ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo sọ fún sáfà bẹ́ẹ̀.