Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Ó Máa Ń Pè

Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkọ mi fi pe orúkọ ènìyàn ní gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n á kó káàdì àwọn aláìsàn síwájú rẹ̀ láàárọ̀, á dìde, á pe orúkọ tó wà lókè, ẹni náà á sì wọlé lọ bá dókítà. Ohùn rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọdé ń ké, fáànù ń dún gbàgà-gbàgà, síbẹ̀ mo máa ń gbọ́ ọ dé yàrá ẹ̀yìn tí mo ti ń rán aṣọ ibùsùn tó ya. Ibẹ̀ la ti pàdé. Òun ló sọ mí ní Abẹ́rẹ́.

Ó ní òfin kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń pe orúkọ. Bí o kò bá dáhùn, á ti káàdì rẹ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, á mú ti ẹlòmíràn. Èyí máa ń bí àwọn kan nínú.

"Baba Oníkáàdì, ilé ìtọ̀ ni mo wà! Ṣé kí n sáré bọ̀ láìdi ṣòkòtò ni?"

"Lọ di ṣòkòtò rẹ, kí o jókòó. Ẹni tí kò tíì ṣe tán, mi ò ní fipá mú un wọlé. Ó máa kàn ọ́."

Kó tó délé, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á ti wú. Màá bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá po iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i. Á gbórí sókè nínú balùwẹ̀, omi náà á máa hó lọ́fun rẹ̀, kuru-kuru-kuru, bí ìkòkò tó wà lórí iná. Àgbo ló kù: atalẹ̀ tó tó ìka méjì, gígún ni o, kì í ṣe rírin, kànáfùrù méje, ewé efinrin ẹ̀kúnwọ́ kan. Tó bá hó tán, tó sì rọlẹ̀ débi tí ìka lè gbà á, ni màá tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí màá da oyin lé e. Oyin ò fẹ́ omi tó ń hó. Á mu ún tán, á ní, "Abẹ́rẹ́, o ti tún mi rán."

Orí àga rẹ̀ ló kú sí, lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá ń bá mi gbé, kí ilé má bàa pa mí. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ikú rẹ̀ pé ọdún kan, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Lọ́jọ́ kejì, ohùn mi lọ. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oòrùn kún pálọ̀, mo gbọ́ kuru-kuru-kuru. Mo sáré lọ sí ilé ìdáná kí omi má bàa gbẹ mọ́ ìkòkò. Kò sí ìkòkò lórí iná. Iná gan-an ò sí. Balùwẹ̀ ni nǹkan náà ti ń dún.

Ó dákẹ́. Ó wá pè mí.

"Abẹ́rẹ́!"

Ohùn náà há, bí ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo fẹ́ jẹ́ ẹ, mi ò rí ohùn tí màá fi jẹ́ ẹ. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbẹ. Inú ọpọ́n ìfọwọ́ nìkan ló tutù.

Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àbúrò yín pè mí."

"O dáhùn?"

"Mi ò ní ohùn."

"Ọlọ́run ló gbà á lọ́wọ́ rẹ! A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ìyá rẹ ò kọ́ ọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi ni."

"Ọkọ rẹ ni lóòótọ́. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ṣé ó pè mí? Ìyàwó, ìpè yẹn kì í ṣe ìpè oúnjẹ. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ kì í padà."

Ṣùgbọ́n mo mọ òfin ọkọ mi: ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mo sì mọ ohun tí mo fẹ́. Jíjí sí ilé tí òun kò sí ti sú mi. Kó tó pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo fẹ́ kí ohùn mi ti padà.

Mo gbé omi kaná. Àṣé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbé oyin pamọ́. Mo rí i lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, mo bu ṣíbí kan, mo dá a padà síbẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, mo ń fi iyọ̀ fọ ọ̀fun, mo ń mu àgbo.

Lọ́jọ́ kẹta mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó jáde ketekete. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohùn mi, ó bú sẹ́kún.

Ọ̀sán pọ́n. Mo wà nínú balùwẹ̀, mo gbórí sókè, omi iyọ̀ ìkẹyìn ń hó lọ́fun mi. Mo sé èémí, ṣùgbọ́n kuru-kuru náà ò dúró. Ó ń dún lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

"Abẹ́rẹ́!"

Kí n tu omi náà dànù, kí n jẹ́ ẹ, ló kù. Mo yíjú, mo rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ti gbọ́ ọ.

"Ìyàwó," ó ní, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè, "ta ló máa kù fún mi?"

Mo gbé omi náà sẹ́nu títí ó fi tutù. Mo ń tẹ́tí. Kò pè lẹ́ẹ̀kẹta. Nǹkan kan ni mo gbọ́ tó dún wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá fa káàdì kan yọ lókè, tí wọ́n tì í bọ ìsàlẹ̀.

Mo tu omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ mú oyin wá lábẹ́ ìrọ̀rí yín, kí n po àgbo ti ẹ̀yin náà."